Bàálù Ń Yà Bàrá: Ṣé Joystick Ló Bàjẹ́ Ni?

Ọ̀pọ̀ joystick, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń darí bàálù nínú géèmù, tí àwọn èèyàn ń pa tì sí kọ̀rọ̀ yàrá ni kò bàjẹ́. Ẹni tó ń wa bàálù nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà á rí i pé ọkọ̀ ń yà sí òsì, bẹ́ẹ̀ kò tì í síbẹ̀. Imú rẹ̀ ń gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ kò fà á. Kíá ni yóò dá ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀pá náà lè jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń dí i lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ètò inú géèmù ló dàrú, ó sì lè jẹ́ pé bí bàálù gidi ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn, tí géèmù náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá lè ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́tọ̀ á máa ra tuntun lé tuntun, ìṣòro kan náà á sì máa tẹ̀ lé e kiri.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ èyí tó tọ́ kéèyàn rà, òun náà ló sì ń sọ ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́jọ́ tó bá ń ṣe ségesège.

Nọ́ńbà ni joystick ń sọ

Joystick kò mọ ohun tó ń jẹ́ bàálù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó wo ibi tí ọ̀pá wà, kó sọ ibẹ̀ di nọ́ńbà, kó sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà gba inú okùn USB, léraléra, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá lè gbà rìn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, axis sì ni ẹ máa rí tí wọ́n kọ síbẹ̀ nínú géèmù. Tí ẹ bá ti ọ̀pá sí òsì tàbí sí ọ̀tún, apá bàálù á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan: ìyẹn ni roll. Tí ẹ bá fà á mọ́ra, imú bàálù á gbé sókè; tí ẹ bá tì í síwájú, á dorí kọ ilẹ̀: pitch nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni yaw, tó ń yí imú bàálù sí òsì tàbí ọ̀tún láìjẹ́ pé apá rẹ̀ dà. Rudder, pátákó tó dúró lóòró ní ìdí bàálù, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹsẹ̀ sì ni awakọ̀ òfuurufú fi ń darí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ joystick, ọwọ́ la fi ń ṣe é: ẹ máa lọ́ ọ̀pá náà níbi tó dúró sí. Ẹ̀kẹrin ni throttle, tó ń sọ iye agbára tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lò.

Ibi tí nọ́ńbà yẹn ti ń jáde ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń mọ ibi tí ọ̀pá wà, ló ń gbé e jáde, irú méjì ló sì wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni potentiometer. Ojú ọ̀nà kékeré kan tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe wà nínú rẹ̀, irin tín-ín-rín kan sì ń fara kan án lọ fara kan án bọ̀ bí ọ̀pá ṣe ń rìn. Ibi tí irin náà bá dé ló ń pinnu iye iná tó ń jáde, iná yẹn ni wọ́n sì ń sọ di nọ́ńbà. Òun náà ló wà nínú bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn rédíò àtijọ́ sókè, ẹni tó bá sì ti yí irú rédíò bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn tó ti gbó mọ ariwo tó máa ń ta nígbà tí ọwọ́ bá dé ojú ibì kan. Eruku ló ti wọ̀ ọ́, tàbí kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti jẹ. Lára joystick, ariwo yẹn kì í dún sétí. Nọ́ńbà ló máa ń fò: ẹ ò gbé ọwọ́, nọ́ńbà ń sáré lọ sókè, ó ń padà wálẹ̀, bàálù ń gbọ̀n. Àgbègbè àárín ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá ti máa ń pẹ́ jù.

Èkejì ni sẹ́ńsọ̀ Hall. Ní 1879, Edwin Hall, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, fi iná gba inú ewé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí agbára irin òòfà ń kọjá lára rẹ̀, ó sì rí i pé agbára iná kékeré mìíràn yọ sí ẹ̀gbẹ́ ewé náà. Bí agbára òòfà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó yọ yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Nínú joystick, wọ́n á de irin òòfà kékeré mọ́ ìdí ọ̀pá, wọ́n á sì fi sẹ́ńsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá á rìn, òòfà á rìn, sẹ́ńsọ̀ á mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun kankan tó kan ara wọn. Ohun tí kò bá kan ara kì í jẹ ara. Ìdí nìyí tí joystick tó ní sẹ́ńsọ̀ Hall fi lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí àárín rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in.

Kí ẹ wò kí ẹ tó rà

Tèmi ni pé kí ẹ béèrè irú sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó ka bọ́tìnnì rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè fún axis kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tajà máa ń gbà yọ́ kọjá. T.16000M tí Thrustmaster ń ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ: sẹ́ńsọ̀ Hall ló wà fún pitch àti roll rẹ̀, ṣùgbọ́n potentiometer ló wà ní ibi tí a ti ń lọ́ ọ̀pá fún rudder. Joystick dáadáa ni, mo sì lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà á láìmikàn. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ iwájú tí nǹkan kan bá ń gbọ̀n lára rẹ̀, ẹ ti mọ axis tí ẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Ohun míì tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ara páálí ni iye bit. Bit 8 túmọ̀ sí pé axis kan lè dúró sí ojú ibi 256 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bit 10 jẹ́ 1,024. T.16000M ń lo bit 14, ìyẹn 16,384. Warthog tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní àwòrán ọ̀pá bàálù ogun A-10C ń lo bit 16, ìyẹn 65,536. Lóòótọ́, 256 kéré: ẹ máa rí i tí bàálù ń já lọ ní ìpele-ìpele nígbà tí ẹ bá fẹ́ sún un díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kúrò níbẹ̀ dáadáa, ọwọ́ èèyàn ló kù tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe torí 65,536 san owó tí ẹ kò fẹ́ san.

Àárín ọ̀pá ni kí ẹ fi owó yẹn wá. Bàálù tó ń balẹ̀, tàbí tó ń tẹ̀ lé bàálù míì pẹ́kípẹ́kí, kì í fẹ́ kéèyàn ti ọ̀pá jìnnà. Ìṣísẹ̀ kékeré-kékeré tó yí àárín ká ló ń fẹ́. Tí ẹ bá ráyè fọwọ́ kan joystick kí ẹ tó rà á, ẹ fi ìka méjì mú un lórí, kí ẹ tì í kúrò ní àárín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá kọ́kọ́ wonkoko tó wá já lójijì, bí ẹ ṣe máa bá a jà nìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀ láti òsì, kí ẹ tún jẹ́ kó padà láti ọ̀tún. Ṣé ojú kan náà ló ń padà sí? Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ ni sípíríǹgì àti ìkorítá irin tàbí ike tí ọ̀pá jókòó lé, tí wọ́n ń pè ní gimbal. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi VKB àti Virpil gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń fojú tó ṣe gidi wo géèmù bàálù, nítorí pé gimbal ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ara yín pé irú bàálù wo lẹ fẹ́ máa wà jù. Cessna 172 àti ọ̀pọ̀ Boeing kì í lo ọ̀pá. Yoke ni wọ́n ń lò, ìyẹn ohun ìdarí tó dà bí ìlàjì sítíárìn mọ́tò, tí awakọ̀ ń tì síwájú tó sì ń fà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ bàálù ogun ń lo ọ̀pá láàárín itan tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Airbus A320 ń lo ọ̀pá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá awakọ̀ tó jókòó sí òsì sì ń fi ọwọ́ òsì dì í mú. Tí A320 bá jẹ́ ààyò yín, ẹ wá joystick tí ọwọ́ méjèèjì lè lò, má ṣe ra èyí tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Joystick lásán ṣì lè wa Cessna dáadáa. Yoke ló jẹ́ pé kò bá ọ̀pọ̀ bàálù ogun mu. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ràn jù gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá bẹ̀rẹ̀.

Hẹlikópítà yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀pá rẹ̀ kì í wá àárín kiri. Ibi tí awakọ̀ bá fi í sí ló máa ń fẹ́ wà. Sípíríǹgì tó le jù máa ń rẹ ọwọ́ ẹni tó ń wa hẹlikópítà, àwọn míì tiẹ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ń ra joystick nítorí hẹlikópítà, ẹ yan èyí tó ṣeé ṣí, tí èèyàn lè pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀.

HOTAS náà wà, níbi tí throttle ti dá dúró lọ́tọ̀ fún ọwọ́ òsì, tí bọ́tìnnì kún ara méjèèjì, kí ọwọ́ má baà kúrò níbẹ̀ rárá. Ó wúlò gan-an fún àwọn géèmù bíi DCS World àti IL-2 Sturmovik, níbi tí ogun ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ìrọ̀rùn fò láti pápákọ̀ òfuurufú kan sí èkejì nínú Microsoft Flight Simulator tàbí X-Plane lè má nílò rẹ̀. Ká ní ẹ ní owó ohun kan ṣoṣo láti fi kún joystick tí ẹ ti ní, pédà ẹsẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ rà. Lílọ́ ọ̀pá fún rudder ní wàhálà kan: bí ọwọ́ bá ṣe ń ti ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sábà máa ń lọ́ ọ díẹ̀ láìmọ̀, rudder á sì máa dá sí ohun tí ẹ kò rán an. Ẹsẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìwúwo ìdí rẹ̀ náà. Joystick fúyẹ́fúyẹ́ tó ní sípíríǹgì líle á máa gbéra lórí tábìlì, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nípa joystick àtijọ́ tó ní ẹnu onípín 15, èyí tí IBM PC mú jáde ní 1981 tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà PC ń lò kí USB tó dé: ẹnu ìyípadà kékeré tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà kì í ṣiṣẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Àyàfi tí joystick náà bá ti mọ èdè USB látilẹ̀wá, irin tó kàn ń so pín mọ́ pín kò lè sọ ọ́ di USB. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń ka iná, tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Ẹ jáde kúrò nínú géèmù kí ẹ tó ṣe ìdájọ́

Bàálù ń ya bàrá. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ pa géèmù. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Orúkọ joystick yín á jáde. Ẹ yàn án, kí ẹ tẹ Properties. Ẹ ó rí àpótí kan tí àmì àgbélébùú kékeré wà nínú rẹ̀, tó ń rìn bí ọ̀pá bá ṣe rìn, àti ọ̀pá àwọ̀ fún àwọn axis tó kù. Lórí Linux, jstest-gtk ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibí yìí ni ẹ ti ń gbọ́ tẹnu joystick fúnra rẹ̀, kí géèmù tó fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wò ó. Tí àmì náà bá dúró jẹ́ẹ́ láàárín, tó sì ń dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ bá tì í, joystick yín kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, inú géèmù ni kí ẹ lọ wá ọ̀rọ̀ lọ. Tó bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí kò sí ní àárín, tàbí tí kò dé ìpẹ̀kun kan, ìwọ̀n rẹ̀ ló ti ṣì, calibration, ìyẹn títún ìwọ̀n ṣe, ló nílò. Tó bá ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lójú kan, ìyẹn kò burú, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ń fò lọ fò bọ̀, potentiometer tó dọ̀tí tàbí tó jẹ ni. Tí orúkọ joystick bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wo USB. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já tí joystick bá ní bọ́tìnnì tó ju 32 lọ tí ẹ kò sì rí àwọn tó kù níbẹ̀: ojú ewé joy.cpl kò ju 32 lọ, géèmù á ṣì rí gbogbo wọn.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí joystick tí kò tíì wò ó nínú joy.cpl.

Ọ̀gá méjì fún axis kan

Ká sọ pé àmì dúró gbọn-in nínú joy.cpl, ẹ padà sínú géèmù, bàálù tún ń jà fúnra rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á jù lọ nìyí, ó sì ti da ọ̀pọ̀ èèyàn lágara: axis kan náà wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ méjì. Tí ẹ bá so joystick, pédà àti throttle mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ géèmù á pín iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn láìbi yín. DCS World ni wọ́n mọ̀ mọ́ èyí gan-an: ó lè fi pitch àti roll fún joystick, kó tún fi wọ́n fún pédà, kó tún fi wọ́n fún throttle. Ẹ ti throttle síwájú, imú bàálù dorí kodò. Ẹ tẹ pédà, bàálù da apá. Bákan náà, paadi géèmù tí ẹ gbàgbé sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí ìwé kan tẹ ọ̀pá kékeré rẹ̀, á máa bá yín du ìdarí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ yọ gbogbo ohun mìíràn kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó ku joystick nìkan. Tí bàálù bá wá gbọ́ràn, ẹ ti rí i. Ẹ lọ sí ojú ewé controls nínú géèmù, kí ẹ wo axis pitch, roll, rudder àti throttle ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nu orúkọ ẹ̀rọ gbogbo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, pàápàá nínú DCS World níbi tí bàálù kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é fún bàálù kan. Ẹ fi ẹ̀dà ètò náà pamọ́ nígbà tí ẹ bá parí. Bí géèmù bá ti inú Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wá, ẹ wo Steam Input náà; ó lè máa pe joystick yín ní paadi, kí nǹkan sì dàrú. Ẹ pa á fún géèmù yẹn.

Ti throttle tó ń ṣiṣẹ́ lódì, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo nígbà tí ẹ bá fà á sẹ́yìn, kò ju àmì kan ṣoṣo lọ: ẹ wá Invert tàbí Reverse lẹ́gbẹ̀ẹ́ axis náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó jẹ́ pé bàálù ló ń yà lóòótọ́

Ibí yìí ni ọkàn mi fà sí jù, torí pé ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àléébù gan-an ni ẹwà géèmù náà. Ẹ gbé Cessna 172 sí ojú ọ̀nà, ẹ ti throttle dé òpin, kò sì ní pẹ́ kó fi bẹ̀rẹ̀ sí yà sí òsì. Joystick kọ́ o. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù náà ń yí sí ọ̀tún lójú ẹni tó jókòó nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tì sẹ́yìn sì ń yí gbogbo ara bàálù ká bó ṣe ń lọ, títí yóò fi lu ẹ̀gbẹ́ òsì pátákó ìdí. Ìdí á lọ sí ọ̀tún, imú á lọ sí òsì. Ẹ tún fi kún un pé bí imú bá gbé sókè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún abẹ̀bẹ̀ náà á máa fa afẹ́fẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ òsì lọ, yóò sì tún ti imú sí òsì. Awakọ̀ gidi máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ rudder ní gbogbo ìgbà tó bá ń gbéra. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe náà nìyẹn.

Ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú bàálù ogun ayé àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn lágbára. Spitfire tó ń lo ẹ́ńjìnnì Merlin máa ń yà sí òsì nígbà tó bá ń sáré láti gbéra. Àwọn tó dé lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Griffon sí, abẹ̀bẹ̀ wọn ń yí lódìkejì, nítorí náà ọ̀tún ni wọ́n ń yà sí. Ẹni tó bá ti mọ́ ọn lára láti tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó bọ́ sínú ti Griffon láìmọ̀, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti bàálù kúrò lójú ọ̀nà. Inú géèmù tó dára, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí.

Trim náà wà. Bàálù kì í fò ní títẹ́jú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀n eré. Tí ẹ bá fi kún eré, imú á gbé. Tí ẹ bá dín in kù, imú á rọ̀. Trim, ìdarí kékeré kan nínú bàálù, ni awakọ̀ fi ń yanjú ìyẹn kí ọwọ́ lè sinmi. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti máa ti ọ̀pá síwájú ní gbogbo ìgbà, ẹ yí trim kí ẹ tó pe joystick lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ gbé bàálù ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kan, ẹ pa afẹ́fẹ́ inú géèmù, kí ẹ fò. Bí jẹ́ẹ̀tì bá lọ tààrà níbi tí Cessna ti ń yà, ẹ̀kọ́ físíìsì lẹ rí, kì í ṣe àbùkù.

Calibration, deadzone, curve

Calibration ni kí kọ̀ǹpútà kọ́ ibi tí àárín àti ìpẹ̀kun ọ̀pá wà. Ọ̀pọ̀ joystick òde òní ń ṣe é fúnra rẹ̀: ẹ kàn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láìfi ọwọ́ kan ọ̀pá, torí pé àwọn kan máa ń gba ibi tí wọ́n bá bá ọ̀pá ní àkókò yẹn ní àárín, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i ká dé gbogbo ìpẹ̀kun. Bí joystick bá ní sọ́fítíwìà tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe calibration, kì í ṣe inú Windows. Tí ẹ bá ṣe é níbi méjèèjì, wọ́n á máa tako ara wọn. Inú joy.cpl, lábẹ́ Settings, ẹ ó rí Reset to default. Ó ti tún joystick ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe, torí pé calibration àtijọ́ tí kò tọ̀nà ló wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe calibration fún potentiometer tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fò. Àṣìṣe náà lẹ máa fi kọ́ Windows.

Deadzone ni àyè tó yí àárín ká tí géèmù kò ní kà sí nǹkan kan. Ó wà fún gbígbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ yẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó. Ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀pá á dákẹ́ láàárín, á wá mú lójijì, ìbalẹ̀ á sì di ìyà. Curve ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀pá rọra láàárín kó sì yára lẹ́bàá ìpẹ̀kun. Ó dára fún joystick kúkúrú orí tábìlì, nítorí pé ọ̀pá bàálù gidi gùn jù ú lọ, ìṣísẹ̀ ọwọ́ kan náà kò sì ní jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

USB, eruku àti wáyà

Bí joystick bá ń ṣàdéédé kú láàárín eré, tó sì tún jí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ẹnu USB kan di púpọ̀, kí ẹ fi sínú ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ẹnu USB 2.0 kan kì í ju mílíámípíà 500 lọ, hub tí kò ní iná tirẹ̀ sì ń pín ìwọ̀nba yẹn fún gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Bó bá ṣì ń ṣe é, ẹ lọ sí ètò agbára Windows, kí ẹ pa USB selective suspend, torí pé Windows lè máa fi joystick sùn láti fi iná pamọ́. Tí ó bá ti wá dúró dáadáa sí ẹnu kan, ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀. Àwọn géèmù kan máa ń rí joystick tó yí ẹnu padà bí àlejò, gbogbo ètò tí ẹ ṣe á sì pòórá.

Potentiometer tó dọ̀tí lè gbà ìtọ́jú. Ẹ yọ okùn USB, kí ẹ kọ́kọ́ ti axis náà lọ ti bọ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun fún ìgbà púpọ̀. Nígbà míì ìyẹn nìkan á gbá eruku kúrò. Tí kò bá tó, ẹ ra contact cleaner, òògùn afọ́n tí wọ́n ṣe fún ohun èlò oníná, kí ẹ fọ́n díẹ̀ sínú potentiometer náà, kí ẹ tún rìn ín lọ rìn ín bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ má lo WD-40 lásán. Á fi òróró sílẹ̀ tí yóò kó eruku tuntun. Kí ẹ tó ṣí joystick, ẹ ya fọ́tò ipele kọ̀ọ̀kan, torí pé sípíríǹgì rẹ̀ máa ń fò jáde, kí ẹ sì mọ̀ pé gàráǹtì lè lọ sí i. Bó bá ṣì wà lábẹ́ gàráǹtì, ẹ má ṣí i.

Àmì kan wà tó ń tọ́ka sí wáyà tó já: bọ́tìnnì tàbí rudder tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀pá bá wà láàárín, tó sì ń kú nígbà tí ẹ bá fà á sẹ́yìn tàbí tí ẹ bá lọ́ ọ. Wáyà àwọn bọ́tìnnì ń gba inú ọrùn ọ̀pá lọ sí ìdí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ó ń nà lójoojúmọ́, títí irin inú rẹ̀ yóò fi gé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó òjé lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Bọ́tìnnì tó ń kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ti switch kékeré abẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání. Ẹ ṣí joy.cpl lójú ẹni tó ń tà á, ẹ gbé ọwọ́ kúrò kí ẹ wo àmì fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ rọra ti axis kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ máa wò ó bóyá yóò fò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀pá wà láàárín, lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ fà á dé igun. Ẹ mi okùn USB níbi tó ti wọ ìdí joystick, kí ẹ wo bóyá orúkọ rẹ̀ á pòórá lójú ewé náà.